Ìwé Tí Wọ́n Gé Nírù

Ọyẹ́ ọdún náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Mofolúwakẹ́ Fábíyìí dé Òkúkù láti Ìbàdàn tí ètè rẹ̀ fi là, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì sán bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Òǹkọ̀wé ni obìnrin náà, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ìtàn àròsọ ló ń kọ, èdè Yorùbá ló sì fi ń kọ ọ́. Ariwo àdúgbò rẹ̀ n'Ìbàdàn ló lé e wá sí ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Ó ní títí ọyẹ́ fi máa lọ, òun á jókòó síbẹ̀, òun á parí ìwé tuntun tó wà lọ́wọ́ òun. Òun ò ní rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí òun.

Ta ló sọ fún un pé ẹnìkan lè sá pa mọ́ ní Òkúkù?

Kílẹ̀ tó mọ́ tán, agogo ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ẹ̀yìnkùlé á ti máa dún. Bí agogo bá dákẹ́, ẹ̀rọ ìlọta tó wà níwájú ilé á gbà á. Mofolúwakẹ́ á nu tábìlì, á lọ gbé tíì wá, kó tó padà dé, eruku á ti bo tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i. Eruku yìí náà ló wọ inú kọ̀mpútà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bọ́tìnnì "a" kọ̀, kò tẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbá a lẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń gbá ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Pàbó ni. Ta ló fẹ́ kọ Yorùbá láìsí "a"? Ó pa kọ̀mpútà náà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ, ó ń ráhùn bó ṣe ń kọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn ún jù ni ìkíni. Gbogbo ẹni tó bá kọjá lójú fèrèsé rẹ̀, tó bá rí i níbi tó ti ń lu orí mọ́ gbólóhùn kan láti àárọ̀, ohun tí wọ́n á sọ ni pé, "Àǹtí, ẹ kú ìjókòó o!" Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n á kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Ẹni tó ń ta èlùbọ́, "Ẹ kú ọjà." Òun nìkan ni wọ́n ń kí kú ìjókòó bí arúgbó tó ń yáàrùn. Bí wọ́n bá kí i tán, wọ́n á wọlé. Ọ̀kan á ní kó bá òun kọ ìwé ètò ìsìnkú bàbá òun. Òmíràn á ní kó bá òun kọ lẹ́tà sí káńsù nítorí gọ́tà tó dí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀wé kọ, ẹ ò sì ṣe nǹkan kan báyìí." Mofolúwakẹ́ á rún ojú pọ̀, ṣùgbọ́n á kọ ọ́, nítorí ìyá rẹ̀ ni wọ́n á bú tó bá kọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń tù ú lára. Bí oòrùn bá ti rọ̀, á mú ọsàn méjì, á rìn lọ sójú irin rélùwéè, á máa mu ọsàn náà bó ṣe ń lọ, títí ilé á fi tán tí koríko gbígbẹ nìkan á kù. Nígbà tó bá padà, Bàbá Ògúnfúnmi á ti tẹ́ ọpọ́n ayò sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, òun ló mọ ilé ìyá Mofolúwakẹ́, kò sì yé e rán an létí. Ojoojúmọ́ ló ń na obìnrin náà láyò.

"Òpè ni ọ́," bàbá náà á wí, á máa rẹ́rìn-ín. "Ìwé lo mọ̀. Ọpọ́n ò mọ̀ ẹ́ rí."

"Bàbá, ẹ kàn ń fi ọwọ́ yẹn yí ọmọ ayò ni."

"Ẹni tí wọ́n bá ti na, kò sóhun tí kì í rí."

Àní òun ló gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ rán aṣọ fèrèsé tó nípọn, kí eruku lè dín kù. Ó ní aránṣọ kan wà ní Inísà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, Fọláfúnmi ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ kejì, Mofolúwakẹ́ gun ọ̀kadà, ó dé Inísà pẹ̀lú eruku ní ìpéǹpéjú.

Ṣọ́ọ̀bù Fọláfúnmi kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́. Obìnrin náà kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọn aṣọ, ó sọ ọjọ́ tó máa parí, ó wá mú bébà kékeré kan.

"Orúkọ wo ni kí n kọ mọ́ ọn, Mà?"

"Mofolúwakẹ́ Fábíyìí."

Báírò dúró lọ́wọ́ Fọláfúnmi. "Fábíyìí tó kọ *Ojú Afárá*?"

Ọkàn Mofolúwakẹ́ sọ kúlú. Ìwé tó kọ tán ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni *Ojú Afárá*, kò sì ju ìwọ̀nba àwọn olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín tòun ti ètè tó là. "Èmi náà ni."

Fọláfúnmi ká aṣọ náà pọ̀ jẹ́jẹ́, ó tì í padà sí i. "Ẹ gba aṣọ yín, Mà. Mi ò lè rán an."

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ pa Ìrètí." Ó nàka sí i. "Obìnrin tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó lóun máa lọ kóòtù. Ohun tẹ́ ẹ rí ṣe fún un ni kẹ́ ẹ mú un dé orí afárá, kó já sómi, kó kú. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún àwa opó nìyẹn?"

"Ìrètí ò kú!"

"Ó kú, Mà. Mo kà á."

"Èmi ni mo kọ ọ́!"

"Èmi ni mo kà á!"

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì ti ń yọjú. Fọláfúnmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ òkìtì aṣọ, ó ṣí i sí ẹ̀yìn, ó nà án sí i. Ìwé rẹ̀ ni lóòótọ́, kì í sì í ṣe ìwé rẹ̀. Àwòrán iwájú rẹ̀ ti ṣú bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, Ìrètí já láti orí afárá, omi pa ẹnu dé lórí rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: Ó PARÍ.

Mofolúwakẹ́ ò kọ "Ó parí" sí ìwé kankan rí láyé rẹ̀.

Odindi orí kan ni wọ́n gé dànù. Orí tí ìyá arúgbó apẹja kan ti fa Ìrètí jáde nínú koríko etí odò. Orí tí Ìrètí ti fi ẹsẹ̀ tó rọ́ rìn wọ kóòtù, tí gbogbo àwọn tó ti pín ẹrù rẹ̀ dìde dúró fún ìbẹ̀rù. Ó kọ orí yẹn, ó fà á ya, ó tún un kọ, fún ọdún kan gbáko. Nítorí orí yẹn gan-an ló ṣe kọ ìwé náà.

"Ta ló fún ẹ ní ìwé yìí?"

Fọláfúnmi jókòó. Ó sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀. Ọkọ òun, Rẹ̀mí, ti kú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí àti yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ní ilẹ̀ ẹbí ni, kí òun kó jáde. Òun pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà kò bínú, kò pariwo. Ó kàn wá ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó gbé ìwé náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ó ní, 'Ìyàwó wa, o fẹ́ràn ìwé kíkà. Ka eléyìí, kó o rí ibi tí ọ̀rọ̀ kóòtù máa ń gbé obìnrin lọ. Obìnrin bíi tìẹ ló sì kọ ọ́.'"

"O wá ṣe báwo?"

"Mo kà á. Mi ò lè sùn. Nígbà tó yá mo lọ bá akọ̀wé kóòtù, mo ní mi ò ṣẹjọ́ mọ́. Ẹbí ọkọ mi ní kí n kó jáde kí ọdún Àjíǹde tó dé."

Inú ti máa ń bí Mofolúwakẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó bínú sí eruku, ó bínú sí agogo, ó bínú sí ẹ kú ìjókòó. Gbogbo ìyẹn wá dà bí eré. Èyí tó dé sí i ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́jọ́ náà kò jọ wọ́n rárá. Ẹnìkan mú iṣẹ́ ọwọ́ òun, ó fi ṣe ọ̀pá, ó fi lé opó jáde nílé ọkọ rẹ̀. Ẹnìkan tó tún burú jù ú lọ ló gbẹ́ ọ̀pá náà.

"Níbo ni wọ́n ti ń ta ìwé yìí?"

"Ìkìrun, Mà. Ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí, nítòsí gáréèjì."

"Dìde. Ti ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Kí ọkọ̀ tó kún ní Inísà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Awakọ̀ ń jẹ búrẹ́dì, kò kánjú. Nígbà tí wọ́n dé Ìkìrun, Mofolúwakẹ́ ò dúró kí ọkọ̀ fìdí balẹ̀ tó fi bọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ṣòroó rí. Ìwé orin, ìwé kéwú, ìwé ìdánwò àti kàlẹ́ńdà kún iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ńlá kan sì ń hó nínú. *Ojú Afárá* wà níbẹ̀ ní òkìtì kan, wọ́n fi òkúta lé e kí ọyẹ́ má baà ṣí i.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ súẹ́tà ní ọ̀sán gangan jáde sí wọn. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Èwo lẹ fẹ́?"

"Èmi ni Mofolúwakẹ́ Fábíyìí."

Ohun tó retí ni pé ọkùnrin náà á gbọ̀n, tàbí kó sẹ́. Jọláyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ó dìde, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń pe àwọn ará ìtòsí. "Ẹ wá o! Òǹkọ̀wé ló dé! Òun fúnra rẹ̀! Ìyá, ẹ jẹ́ n yọ fóònù, ká ya fọ́tò!"

"Gbé fóònù yẹn kúrò lójú mi! Ta ló ní kó o tẹ ìwé mi? Níbo ni orí tó kẹ́yìn wà?"

"Orí wo, Mà?"

"Orí tó kẹ́yìn!"

"Áà." Ó fọwọ́ ra orí, kò tijú rárá. "Ìyá, ẹ má bínú. Ìwé yín gùn, bébà sì ti wọ́n. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé obìnrin náà já sómi. Mo ní ẹni tó bá ti já sómi, ìtàn ti tán nìyẹn. Kí ló tún kù?"

"O ò kà á?"

"Mà, mo ń dúró ti ẹ̀rọ. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kàwé?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kàn rọra fojú inú wò ó ná. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, ta ló mọ̀ yín ní Ìkìrun? Èmi ni mo jẹ́ kí orúkọ yín dé ibí. Àwọn pásítọ̀ ń rà á. Àwọn bàbá ń rà á fún ìyàwó ọmọ wọn. Wọ́n ní ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gbé e kọjá ààlà. Mofolúwakẹ́ yọ òkúta kúrò lórí òkìtì náà, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú ìwé tó wà lókè, ó di ojú ewé Ó PARÍ mú, ó fà á ya. Ó ju ìwé náà sílẹ̀, ó mú òmíràn. Fàà! Ó tún mú òmíràn. Fàà!

"Ọjà mi o!" Jọláyẹmí ké. Ó na ọwọ́ láti dì í mú, Fọláfúnmi bọ́ sáàárín wọn, ó dúró síbẹ̀.

Èrò pé. Ọlọ́kadà dá iṣẹ́ dúró. Àwọn obìnrin tó ń ta iyọ̀ àti èso dìde. "Kí ló ṣe ìyá yìí?" "Ìwé ló ń fà ya." "Wọ́n ní òun ló kọ ọ́." "Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé, tó tún ń fà á ya? Ẹ wá omi tútù fún un o, ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́ lágbárí."

"Orí mi pé!" Mofolúwakẹ́ yíjú sí wọn, ewé ìwé kún ọwọ́ rẹ̀. "Irọ́ ni wọ́n tà fún yín! Ìrètí ò kú! Arúgbó kan fà á jáde, ó sì rìn wọ kóòtù lójú gbogbo wọn!"

"Ìyá," ọlọ́kadà kan sọ látẹ̀yìn, ó fara balẹ̀, "kò lè yè é. Irú afárá tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn, nígbà òjò? Mo mọ omi."

"Ó yè é! Èmi ni mo ní kó yè é!"

"Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn ń sọ nípa omi ni."

Ẹ̀rín bú sáàárín èrò, ẹ̀jẹ̀ gùn Mofolúwakẹ́ lójú. Ìgbà yẹn ni Fọláfúnmi béèrè ohun kan.

"Kí ni adájọ́ sọ fún un, Mà?"

"Fún ta?"

"Fún Ìrètí. Ó wọ kóòtù, ó rojọ́. Kí ni wọ́n dá fún un? Ṣé wọ́n dá ilé rẹ̀ padà?"

Mofolúwakẹ́ wo ewé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìwé náà ṣe tán ni pé Ìrètí dìde láti sọ̀rọ̀, gbogbo kóòtù dákẹ́. Ibẹ̀ ló fi í sí. Àwọn olùkọ́ tó kà á yìn ín fún ibẹ̀ yẹn gan-an.

"Mi ò kọ ìyẹn," ó sọ.

Fọláfúnmi wò ó gan-an, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ ò kọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ nínú omi, ẹ gbé e dé iwájú adájọ́, ẹ wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀yin àti ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹ jọ gé e ni. Tirẹ̀ kàn pọ̀ ju tiyín lọ." Ó yí padà, ó wọ inú èrò lọ sí gáréèjì.

Mofolúwakẹ́ nìkan ló padà sí Òkúkù. Ó bú Jọláyẹmí láti Ìkìrun délé. Ó ní òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, òun á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Fọláfúnmi ló há a láyà, ìyẹn ló sì ń bú jù. Kí ni aránṣọ mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń parí ìwé? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ta ayò bí ẹni tó ń lu ọpọ́n.

"Ọmọ ayò ò ṣẹ̀ ẹ́," Bàbá Ògúnfúnmi wí.

Ó rò ó fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó gbìyànjú láti kọ ohun tí adájọ́ sọ. Ó kọ ọ́ kí Ìrètí jàre, ó dà bí irọ́. Ó kọ ọ́ kó jẹ̀bi, ó fa bébà ya. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò mọ̀. Kò wọ kóòtù ìbílẹ̀ rí láyé rẹ̀. Níbi tó ti jókòó sí n'Ìbàdàn ló ti rò ó.

Ó padà sí Inísà. Fọláfúnmi ń di ẹrù, ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà nínú àpò ìdọ̀họ.

"Mi ò mọ ohun tí adájọ́ máa sọ," Mofolúwakẹ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà, kò kí i. "Ìwọ náà ò mọ̀. Jẹ́ ká lọ gbọ́ ọ."

"Ẹ fẹ́ fi mí kọ ìwé."

"Mi ò fẹ́ fi ẹ́ kọ nǹkan kan. Inú ń bí mi ni."

Fọláfúnmi jókòó sórí ẹrù rẹ̀. "Inú ń bí èmi náà," ó sọ.

Ojoojúmọ́ ni akọ̀wé kóòtù ní Òkúkù ń sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Ẹjọ́ tí èèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ fà padà, ó ní kò rọrùn láti tún gbé dìde. Mofolúwakẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó tún un kọ. Òun tó ti ń ráhùn lórí lẹ́tà gọ́tà, ó fi gbogbo òwúrọ̀ rẹ̀ kọ lẹ́tà kóòtù, ìwé tuntun rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lábẹ́ eruku. Nígbà tó yá, wọ́n fún wọn lọ́jọ́.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọ agbádá wá. Ó sọ̀rọ̀ tútù bí omi àmù. Ó ní ẹbí ò lé ìyàwó wọn, wọ́n fẹ́ kó sinmi ni. Nígbà tó kan Fọláfúnmi, ó dìde, ó di ìjókòó iwájú mú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tó tà á, ọjọ́ tí òun àti Rẹ̀mí jọ fi orí rù ú nítorí ọkọ̀ kò lè débẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan. Mofolúwakẹ́, tó fi ọ̀rọ̀ dídùn jẹun, gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé òun ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láé.

Adájọ́ kò dá ẹjọ́. Ó ní kí wọ́n mú àwọn ẹlẹ́rìí wá, ó sún un síwájú. Ṣùgbọ́n kó tó dìde, ó kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ pé títí ẹjọ́ á fi parí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù náà tàbí yọ obìnrin náà lẹ́nu níbẹ̀.

Níta, ẹ̀gbọ́n ọkọ dúró níwájú Mofolúwakẹ́. "Ìyá, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹbí lẹ gbé bá ìta."

"Ìwé mi lo gbé bá opó, tí wọ́n ti gé nírù!" ó jágbe mọ́ ọn. "Mo ṣì ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀ yẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà!"

Ọkùnrin náà ká agbádá sórí èjìká, ó kọjá lọ.

Fọláfúnmi ti ń pe ọ̀kadà. Ó ní àwọn oníbàárà ń dúró de òun, aṣọ ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ tí òun ò tíì gé. Ó gun ọ̀kadà náà, ó di ìborùn rẹ̀ mọ́ orí dáadáa, ó lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Mofolúwakẹ́ dúró nínú eruku tí ọ̀kadà náà tú sílẹ̀. Inú ń bí i pé ọmọ náà ò dúpẹ́. Ó tún rò ó, inú wá bí i pé òun gan-an ń retí ọpẹ́. Ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀, ó forí lé ilé.